Ibi Tí Màmá Ti Ń Gbàdúrà

Ẹ kú ilé o, Bàbá wa. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Mitchellville, ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà níbí. Àbúrò mi Káyọ̀dé ńkọ́, àti ìyàwó rẹ̀? Mo kí Àǹtí Bọ́lá tí wọ́n ń bá yín se oúnjẹ láti ìgbà tí Màmá ti wá sọ́dọ̀ wa. Mo gbọ́ pé iyọ̀ ń pọ̀ nínú ọbẹ̀ wọn. Ẹ fara dà á.

Màmá wà láàyè, wọ́n sì ń jẹun. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn, nítorí bí ẹ bá rí lẹ́tà lọ́wọ́ mi dípò ìpè, àyà yín á já. Tèmi ti já, Bàbá, kò sì tíì balẹ̀. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde fún gbogbo èèyàn, torí ìyá ẹlòmíràn náà wà ní Maryland nínú òtútù yìí, tí àwọn ará ilé ò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ.

Ẹ rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ìpè yín gé láàrin àdúrà? Mo gbọ́ pé ẹ sọ fún Káyọ̀dé lọ́jọ́ náà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà náà ò yàtọ̀ sí tiwa. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì o. Èmi ni mo gé e.

Nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí yín, tí ẹ jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé tí ẹ pe Màmá fún àdúrà ọ̀sán, ilẹ̀ ò tíì mọ́ níbí. Àwọn ọmọ mi ṣì ń sùn. Ẹ sì mọ Màmá, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra gbàdúrà. Kí wọ́n má bàa jí ẹnikẹ́ni, ṣe ni wọ́n máa ń yọ́ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á jáde sórí pèpéle onípákó, wọ́n á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìró àti súwẹ́tà kan ṣoṣo. Èmi ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ò mọ̀.

Lọ́jọ́ náà mo tètè jí, kí n lè kó yìnyín kúrò lórí mọ́tò kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì tí mo wà ní National Harbor. Bí mo ṣe dé kíṣìnì, atẹ́gùn tútù fẹ́ lù mí lẹ́sẹ̀. Mo wo ìta, mo rí Màmá tí wọ́n fara ti ọgbà pèpéle, orí wọn lásán, yìnyín ti kún inú sílípáàsì wọn. Ohùn yín ń jáde látinú fóònù. Ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ ní láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà ni ohùn Màmá ti ń gbọ̀n, pé ẹ̀mí àdúrà ló bà lé wọn, pé ní báyìí ó ti wá rọlẹ̀, Ọlọ́run ti fún wọn ní àlàáfíà.

Bàbá, òtútù ló ń gbọ̀n wọ́n. Nígbà tí ohùn wọn rọlẹ̀, ara wọn ò lágbára àtigbọ̀n mọ́ ni. Mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn, mo gé ìpè yín. Mo pè wọ́n, wọ́n wò mí bí ẹni wo àlejò, wọ́n sì fi orúkọ ìyá wọn tó ti kú pè mí. Mo pariwo pe ọkọ mi, a gbé wọn wọlé, a pe áḿbúláǹsì.

Dókítà ní ara àgbà kì í tètè mọ̀ pé òtútù ń mú òun, àti pé òtútù máa ń sún ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sókè. Wọ́n ní kí ilé máa móoru tọ̀sán tòru, kí Màmá máa wọ aṣọ lé aṣọ, kí wọ́n má ṣe jáde láàárọ̀. Màmá ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀. A dé ilé, kò pẹ́, mo tún gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún.

Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún. Mo ní kí wọ́n máa pariwo ní pálọ̀ bó ṣe wù wọ́n, kí àwọn ọmọ jí. Wọ́n ní ìta gbangba ni ẹ̀yin méjèèjì ti ń gbàdúrà lọ́sàn-án ọjọ́ tí ara Káyọ̀dé yá, nígbà tó ṣàìsàn tí ọsibítù ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́, ká máa gbé e lọ sílé, pé ẹ jọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ẹ ò ní yí àkókò náà padà, ẹ ò sì ní yí ìta náà padà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwọn bá yẹ̀ ẹ́, nǹkan á ṣe ọ̀kan nínú àwa ọmọ. Ẹ̀rù tèmi ni pé àwọn gan-an ni nǹkan máa ṣe. Mi ò lè sùn mọ́, etí mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí fóònù bá dún níbi iṣẹ́, màá pa gbogbo nǹkan tì, màá sáré lọ gbé e.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ jọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà, ẹ̀yin nìkan lẹ lè tú wọn sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ yín, ọ̀sán ni ìyẹn níbí, kí wọ́n sì jókòó sínú ilé. Ọlọ́run tó gbọ́ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ á gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà. Káyọ̀dé, bí o bá ń ka èyí, má dá ara rẹ lẹ́bi, ṣùgbọ́n bá mi bẹ Bàbá.

Màmá ò mọ̀ pé mo kọ̀wé yìí, torí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ da ọkàn yín láàmú. Wọ́n á bínú. Kí wọ́n ṣáà wà láàyè kí wọ́n máa bínú.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ọlọ́run á dá yín sí fún ara yín, á sì dá ẹ̀yin méjèèjì sí fún wa. Lọ́la, bí ẹ bá pè, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n dúró sí. Wọn ò lè purọ́ fún yín. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí ohùn wọn ń gbọ̀n, ẹ má ṣe àmín, Bàbá. Ẹ ní kí wọ́n wọlé.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọláṣadé