Ọta Òjé Arvid àti Ìwà Ọ̀bùn Merle

                                        Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 212,
                                        Lewistown, Montana.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1987.

Lavonne, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà níbẹ̀ o? Dwight ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti fi í lọ́rùn sílẹ̀ látìgbà tí ẹ ti kó lọ síbi tí oòrùn wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ajá yín tó ń sá fún ológbò? Ní tèmi, mo dúpẹ́. Orúnkún ọ̀tún ń ké, tòsì ń gbè é, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gun àkàbà. Òtútù ti pa ewé tòmátì mi. Mo sáré ká èyí tó kù, mo sè é, mo rọ ọ́ sínú ìgò, ti yín wà nílẹ̀ dè yín.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní o ti ra ẹ̀rọ tí a fi ń di ọta nílé, pé o fẹ́ máa di ti ìbọn ìléwọ́ rẹ fúnra rẹ, àti pé ọkùnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ní kí o má fọwọ́ kan òjé rárá, pé ìdọ̀tí ni, pé ọta ẹlẹ́wù, èyí tí wọ́n fi bàbà bò lára, ni kí o máa rà. O wá ń bi mí pé èwo ni kí o mú. Lavonne, ojú egbò lo tẹ̀ yẹn. Ká ní oṣù tó kọjá lo bi mí ni, gbólóhùn méjì ni ǹ bá fi dá ọ lóhùn. Ní báyìí, gbé omi kọfí kaná kí o jókòó, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

O mọ àṣà ẹgbẹ́ ayìnbọn wa. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, ẹnì kan láti ilé rẹ̀ ló máa ń fi ìbọn olóògbé ṣí ìdíje ìgbà ìwọ́wé, kí ẹnikẹ́ni tó yìn tirẹ̀. Ọdún yìí, Arvid ọkọ mi ló kàn. Karin ọmọ wa ni mo ní kó wá yìn ín. O rántí pé yìnyín dí gbogbo ọ̀nà lóṣù kejì, ọkọ̀ òfurufú ò gbéra, a sì sin bàbá rẹ̀ láìsí òun níbẹ̀. Látìgbà náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Karin kì í dárúkọ bàbá rẹ̀. Bí ẹnu mi bá ti dé ibẹ̀, ojú ọjọ́ ló máa ń béèrè. Nígbà tí mo sọ fún un pé ìbọn bàbá rẹ̀ ń dúró dè é, ó ní òun ń bọ̀. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí fóònù.

Agolo kọfí kan wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì wa, inú rẹ̀ ni ọta òjé tí Arvid rọ kẹ́yìn wà. O mọ bí ọkùnrin yẹn ṣe ń ṣe nǹkan. Yóò tọrọ òjé tí wọ́n fi ń mú táyà dọ́gba lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe táyà, yóò yọ́ ọ nínú ṣẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí gbayawu, kò jẹ́ kí ìkòkò yẹn fojú kan kíṣìnì mi, kò sì ní fọwọ́ kan búrẹ́dì àfi tó bá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Irin tó fi ń rọ ọ́ ní ìfàlà kan nínú, ìdí nìyẹn tí gbogbo ọta rẹ̀ fi ní àpá tín-ínrín nídìí. Mo mú mẹ́fà nínú wọn, mo fi ìda oyin pa wọ́n lára, mo fi ẹ̀tù díẹ̀ dì wọ́n bí òun náà ṣe ń ṣe. Òjé kò fẹ́ ìkánjú. Bí o bá rọra rán an níṣẹ́, yóò jẹ́ ẹ fún ọ, kò sì ní ba ìbọn jẹ́.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí Merle, àbúrò Arvid, fi wọlé. Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n lọ dán ìbọn bọ̀ọ̀dá mi wò kí Karin tó dé. Ó ti pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀, kó má lọ dójú tì wá láàárín èèyàn.” Àbúrò ọkọ ni, kí ni kí n sọ? Mo gbé e fún un.

Nígbà tó dá a padà, ó fi àkísà wé e, ara rẹ̀ ń dán yinrin. Dídán yẹn gan-an ló fu mí lára, torí Merle tí mo mọ̀ kì í nu bàtà rẹ̀. Mo ki ọ̀pá alákìísà bọ ẹnu ìbọn. Ó há, mo tì í, ó ṣàdédé jọ̀wọ́ níbì kan, ó sì tún há. Mo gbé e sójú fèrèsé kí n lè rí inú rẹ̀. Òjé ti yọ́ lẹ̀ mọ́ gbogbo ìlà inú rẹ̀ bí oúnjẹ tó jóná nídìí ìkòkò. Níbi tí ọ̀pá náà ti jọ̀wọ́, irin ti wú yípo bí òrùka. Àwọ̀ bàbà pupa sì fa ìlà gbọọrọ lórí òjé náà.

O mọ ohun tí àwọ̀ pupa yẹn ń sọ. O mọ ìwà ọ̀lẹ tó kún ẹgbẹ́ wa. Wọn á ki ẹ̀tù bọ ọta òjé rírọ̀ bí ẹni ń ki tábà, kó lè dún kí èèyàn yíjú wò wọ́n. Bí òjé bá wá yọ́ dí ìbọn lójú, dípò kí wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì kí wọ́n fi ọwọ́ ha á, wọn á yin ọta ẹlẹ́wù sí i, wọ́n ní bàbà yóò gbá òjé jáde. Arvid pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há pé ọ̀nà tó ti fún, bí ẹ bá fi ipá ti ohun líle gba ibẹ̀, irin ló máa gbà á sára. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbé ìbọn náà lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn. Kò wò ó pẹ́. Ó ní, “Màmá, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yìn ín mọ́ o. Ọjọ́ tó bá bẹ́, ìka ló máa kó lọ.”

Ilé kọfí ni mo ti bá Merle, ó ń jẹ páì.

“Merle, kí lo yìn nínú ìbọn Arvid?”

“Òjé ni, ìyàwó wa. Òjé tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn.”

“Ẹlẹ́wù ńkọ́?”

“Ẹlẹ́wù kẹ̀? Ọlọ́run gbọ́, ẹyọ kan ò wọ inú ẹ̀! Òjé ló bà á jẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún bọ̀ọ̀dá mi pé ẹ̀gbin ni nǹkan yẹn.”

“Àwọ̀ pupa tó wà ńbẹ̀ ńkọ́?”

“Ìpẹtà ni.”

“Ìpẹtà wo ló ń dán, Merle?”

Ó bu páì sẹ́nu. Èérún ń já bọ́ sí irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì fi apá ẹ̀wù nu ẹnu. Ọkùnrin yẹn rí mi lára débi pé kọfí tí wọ́n gbé síwájú mi, mi ò lè mu ún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti sọ káàkiri pé òjé èmi Ardith ló pa ìbọn Arvid. Ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìrọ̀ mọ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ opó gan-an ń wẹ̀, Merle ló wá ń wá ohun tí yóò ti ọ̀bùn rẹ̀ sí.

Karin dé. Mo gbé ìbọn náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ó fi àtàǹpàkò kan ibi tí àtàǹpàkò bàbá rẹ̀ ti jẹ igi èèkù náà wọnú, ó ní, “Mọ́mì, kí ni màá wá yìn báyìí?”

Lọ́jọ́ ìdíje, gbogbo èèyàn ti tò sílẹ̀, àwọn ọkùnrin ti ṣí fìlà, ni Merle bá jáde síwájú. Ìbọn tirẹ̀, tí ọta rẹ̀ bá ti Arvid dọ́gba, ló gbé dání. “Karin, ọmọ bọ̀ọ̀dá mi, gba tèmi. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́wù tó wà nínú ẹ̀ ni kó o yìn o. Òjé ò kan ìbọn yìí rí.”

“Ẹ ṣé, Áńkù,” ni Karin wí. Ó ṣí ilé ọta rẹ̀, ó da ti Merle sí Merle lọ́wọ́, ó sì ki ọta òjé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti bàbá rẹ̀, tí mo ti dì, sí i. Ta ló máa sọ pé rárá níwájú gbogbo ẹgbẹ́? Karin yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, títí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi tán.

Merle gba ìbọn rẹ̀ bí ẹni gba ọmọ tó ti inú ẹrẹ̀ dé. “Ó ti dọ̀tí nìyẹn,” ló wí, ó kọwọ́ bọ àpò. “Kò burú. Ẹlẹ́wù méjì péré ló máa gbá a mọ́. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.”

Òun nìkan ni kò tíì gbọ́ ohun tó sọ.

“Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ti dádì mi, Áńkù?”

“Rárá… ìyẹn… mo kàn…”

“Ẹ̀yin lẹ ní ẹyọ kan ò wọ inú ẹ̀.”

Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn pé, “Merle, ẹnu ẹ mà ti pa ẹ́ o!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Karin kò rẹ́rìn-ín. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ àti aṣọ funfun jáde nínú báàgì mi, ó kó wọn lé Merle lọ́wọ́. “Ẹ jókòó, Áńkù. Ọwọ́ yín lẹ máa fi ṣe é.”

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó ki aṣọ tẹ̀ lé e, ó fà á jáde. Èéfín díẹ̀ ló wà lára aṣọ náà, kò sí òjé kankan. Ó gbé ìbọn sókè, ó wo inú rẹ̀, ó tún ki aṣọ mìíràn bọ̀ ọ́. Ó jáde ní funfun. Ó wò mí. Mo gbé èébú tí mo ti kó jọ sẹ́nu mì, torí kò yẹ ọjọ́ ìrántí ọkọ mi.

Nígbà tí èèyàn túká, èmi àti Karin gbé asẹ́ lọ sídìí òkè iyanrìn tó ń gba ọta dúró, bí Arvid ti máa ń ṣe, a gbẹ́ òjé jáde. Nípa àpá ìdí wọn la fi mọ tirẹ̀, márùn-ún la rí. Lọ́jọ́ kejì, a kó wọn pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn, a yọ́ wọn. Ẹ̀wù bàbà àwọn ẹlẹ́wù léfòó sójú òjé, Karin fi ṣíbí bù wọ́n dànù. Àwọn tó kọ́kọ́ rọ wọ́, ó dá wọn padà sínú ìkòkò. Ibi tó ti ń rọ ọ́ ló ti ní, “Mọ́mì, ṣé dádì náà máa ń ba àkọ́kọ́ jẹ́?” Lavonne, látoṣù kejì, ìgbà àkọ́kọ́ tó bi mí nípa bàbá rẹ̀ nìyẹn. A ò wọlé títí oúnjẹ fi jóná.

Èsì ìbéèrè rẹ rèé: òjé ni kí o mú fún ìbọn rẹ, kí o yìn ín jẹ́jẹ́, kí o máa fọ ọwọ́. Bí o bá fẹ́ kí ọta sáré gan-an bí ti àwọn ọdẹ, ra ẹlẹ́wù, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, owó rẹ ló máa dùn ọ́. Ohun tí mi ò ní dárí rẹ̀ jì ọ́ ni kí o fi ọ̀kan gbá ìdọ̀tí èkejì.

Merle wá ní àárọ̀ ọjọ́ tí Karin ń lọ, ó gbé ìbọn tuntun sínú páálí, ó ní òun fi rọ́pò. Ojú rẹ̀ ṣì ń rí mi lára. Karin ní, “Ẹ gbé e padà, Áńkù. Ti dádì mi ni mò ń gbé lọ.”

“Èyí tí kò ṣeé yìn mọ́ yẹn? Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀lẹ kankan ò ní lè wá yá a mọ́.”

Bá mi kí Dwight gan-an, kí o sì bá mi fọwọ́ pa ajá lórí. Màmá Dwight ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bú mi pé iyọ̀ ọbẹ̀ mi pọ̀ jù? Sọ fún un pé mo ní kó pẹ́ láyé.

Èmi tí àárò rẹ ń sọ,
Ardith Haugen.