Alàgbà Bọ́lájí Akínlàjà: Ẹni Tó Dá Tọ̀tún-Tòsì Láre

Ìlá-Ọ̀ràngún, nílẹ̀ Ìgbómìnà, ni wọ́n ti bí Alàgbà Bọ́lájí Akínlàjà ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1951, sínú agboolé àwọn onílàjà. Bí tọkọtaya bá ń jà ládùúgbò, bàbá wọn ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Bí ewúrẹ́ bá jẹ iṣu oníṣu, bàbá wọn náà ni. Ìyá wọn, Rísíkàt, a máa sọ pé ilé òun nìkan ni òun kò tíì rí onílàjà sí.

Bàbá Bọ́lájí parí ìwé mẹ́fà ní ọdún 1965. Lọ́yà ló wù wọ́n láti dà, àmọ́ ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama gbé wọn lọ sí Ìlọrin, sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń tún rédíò ṣe. Wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá yìí ní ọdún 1971. Ní 1979 ni wọ́n fi Àwẹ̀ró ṣe aya, Ọlọ́run sì fi Bámiṣayọ̀ àti Fikáyọ̀ ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọdún 1989 ni wọ́n kó dé Abùjá, tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Wuse. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn: AGBẸ́JỌ́ ẸNÌKAN DÁ, ÀGBÀ ÒṢÌKÀ. Bí ẹnìkan bá gbé rédíò wá, Bàbá á gbọ́ tẹnu oníbàárà, wọ́n á sì tú rédíò wò kí òun náà lè rojọ́ tirẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jẹ́ alága ìlàjà fún ẹgbẹ́ ọmọ Ìlá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Kabusa, àwọn ni wọ́n ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń pariwo mọ́ wa ṣe.

Lọ́dún 2016 ni Bámiṣayọ̀ wọ Houston. Fikáyọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin wọ Baltimore lọ́dún tó tẹ̀lé e. Bàbá bá gbé tẹlifíṣọ̀n méjì kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn Amẹ́ríkà tí ọmọkùnrin gbà gbọ́ ń sọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún, èyí tí ọmọbìnrin gbà gbọ́ ń sọ̀rọ̀ lósì. Ọjọ́ kan náà, ìlú kan náà, tọ̀tún á ní iná ti jó ìlú tán, tòsì á ní iná ọdún ni wọ́n dá.

Alhaji Fuad, tó ń ta fáànù ní ṣọ́ọ̀bù kejì, a figbe ta: “Kai! Bàbá Bámi, ìjà tó wà nínú ọjà yìí kò tó yín, tí ẹ tún ń gbé ti òyìnbó wọlé?”

Bàbá á ní: “Fuad, ọmọ mi méjèèjì ló ń gbé inú rẹ̀. Jẹ́ n gbọ́ tẹnu méjèèjì.”

Ní 2019, kátápílà ìjọba wó ìlà ṣọ́ọ̀bù wọn lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Rédíò kan kéde pé inú àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń dùn sí i. Bàbá wà lórí àwókù pẹ̀lú rédíò náà lọ́wọ́. Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọn kò rí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n méjèèjì relé, wọ́n ní bóyá òdodo ṣì kù díẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà ìbò ààrẹ wọn lọ́hùn-ún, Bámiṣayọ̀ kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àjèjì tó ń rọ́ wọlé.

Fikáyọ̀ fèsì: “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ṣílẹ̀kùn fún yín?”

Bámiṣayọ̀ ní tẹlifíṣọ̀n ti da orí àbúrò òun rú. Fikáyọ̀ ní orí ẹ̀gbọ́n òun ti jó pátápátá, kódà Dádì kò lè tún un ṣe. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Èyí tó pa Bàbá lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn ni pé kò sẹ́ni tó dìbò nínú àwọn méjèèjì. Wọn kò tíì di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹbí kò ní purọ́ mọ́ òkú. Bàbá gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì lóòótọ́, wọ́n sì dá méjèèjì láre. Bí Bámiṣayọ̀ bá pè ní Sátidé: “Ìwọ lo jàre, ọmọ mi.” Bí Fikáyọ̀ bá pè lọ́jọ́ Àìkú: “Ìwọ lo jàre, ìyá mi.”

Màmá Àwẹ̀ró ní: “Bàbá Bámi, àwọn méjèèjì kò lè jàre.”

Bàbá ní: “Àwẹ̀ró, èyí tí mo bá ní ó jẹ̀bi kò ní pè mí mọ́.”

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ ọdún 2025, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá pe àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbé fóònù méjì kojú ara wọn lórí tábìlì. Àdúrà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí Bámiṣayọ̀ fi ní: “Dádì fúnra wọn ní èmi ni mo jàre!”

Fikáyọ̀ ní: “Irọ́! Èmi ni wọ́n dá láre!”

Àwọn ọmọ ń retí ìdájọ́ Bàbá, Bàbá ń wo tábìlì. Ohùn wọn rẹlẹ̀ gan-an: “Ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀, jàre.”

Fóònù ọ̀tún kú. Fóònù òsì kú. Bàbá, tó ti fi ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta jí ohun tó kú dìde, gbé wọn yẹ̀wò, wọ́n sì gbé wọn padà sílẹ̀. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe fóònù.

Sátidé kò dún mọ́. Àìkú kò dún mọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, Bàbá sùn, wọn kò jí.

Wọ́n fi aya wọn, Àwẹ̀ró, sáyé lọ, àti ọmọ méjì, Bámiṣayọ̀ àti Fikáyọ̀, tí a tẹ orúkọ wọn sórí ìlà kan ṣoṣo. Wọ́n fi ọmọọmọ mẹ́rin sílẹ̀: Bùkúnmi àti Tony, ọmọ Bámiṣayọ̀, Ọlá àti Kíkẹ́olúwa, ọmọ Fikáyọ̀. Tony bi Bàbá rí bóyá orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Kíkẹ́olúwa. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Títí a fi ń tẹ ìwé yìí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òun yóò wá sìnkú bí èkejì kò bá ní wá. Nítorí náà, fóònù méjì la ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, kí wọ́n kojú ara wọn bí Bàbá ṣe gbé wọn.

Sùn re o, Akínlàjà. Ẹjọ́ kò tíì parí, adájọ́ ti lọ sinmi. Ẹ̀yin ọmọ olóògbé, ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀, jàre.