Bọ́tìnnì tí Bàsírá kọ "Sáré" sí

Alámísì, lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì, Gwarinpa.

Bàsírá fi ojú mi gbolẹ̀ lónìí. Ọmọ ọmọ mi ni o.

Ó ṣe ohun kékeré kan tí wọ́n ń fi kún ibi tí wọ́n ti ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Téèyàn bá fi Java, èdè tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kọ iṣẹ́ tán, á tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà á sì ṣe iṣẹ́ náà. Ó ní Yorùbá lòun fẹ́ kọ sára rẹ̀, káwọn ọ̀gá òun rí i lọ́la. Ó wá kọ "Sáré" sí bọ́tìnnì náà.

Mo ní, "Ta ló ń lé e?"

"Gránmà, 'run' ni wọ́n ń pè é. Ẹ ò kàwé, ẹ ò lè mọ̀."

Kai! Èmi tí mo kọ́ ọ lédè! Mo ní kó kọ "Ṣe é", bí a ṣe ń rán èèyàn níṣẹ́. "Sáré" náà ló fi sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá kí i, ó rí i, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé Wuse ló ń sáré lọ?" Mo rò pé yóò padà wá bá mi gba "Ṣe é". Ó pa gbogbo Yorùbá náà rẹ́, ó fi òyìnbó dípò rẹ̀, lójú mi.

Mo kọ ọ́ síbí fúnra mi: Ṣe é.