Ẹ Má Kán Oògùn Ọ̀gá Mi Sójú

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo kí Bàbá níbi tí wọ́n jókòó sí pẹ̀lú rédíò wọn. Mo kí Ṣadé, àbúrò mi, tó ti di alárinà láàárín èmi àti ẹ̀yin láti ọjọ́ tí ẹ ti ní ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi lórí fóònù mọ́. Mo sì kí gbogbo Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlá, nítorí àwọn náà ni mo ń kọ̀wé sí. Mo ti bẹ Ṣadé pé kó lẹ lẹ́tà yìí mọ́ pátákó ìkéde ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń já mi láyà ni màá kọ́kọ́ sọ, kí ẹ má baà fi ìbínú pa ìwé yìí dé ní ìdajì. Páálí oògùn ojú tí ọ̀gá mi fi ránṣẹ́ sí yín, èyí tí wọ́n lẹ bébà pupa "Ọdún Ọpẹ́" mọ́ ìgò rẹ̀, ẹ má kán ẹyọ kan nínú rẹ̀ sójú. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ojú òsì yín ti lọ, ọ̀tún ló kù. Ṣadé ní ẹ ti pín in fún àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sì ti to méjì sí ojú fèrèsé yín, pé bí èyí tí ẹ ń lò bá tán lọ́sẹ̀ yìí, òun lẹ máa ṣí. N ò lè jẹun dáadáa láti ìgbà tí mo ti gbọ́.

Ṣadé tún sọ ohun tí ọ̀gá bá yín sọ. Ó ní mo wọ́ òun nílẹ̀ níwájú àlejò, pé kí ẹ sọ fún mi kí n wá kúnlẹ̀, òun á gbà mí padà síṣẹ́. Ẹ sì gbà á gbọ́. Ẹ ní Èkó ti bà mí jẹ́, ẹ ní ọkùnrin olùfọkànsìn ni. Ó dùn mí gan-an ni. Ẹ ó sì rí i pé "ó" ni mò ń pè é, n ò pè é ní "wọ́n". Ẹ foríjì mí. Ẹ kọ́ mi ní ọ̀wọ̀ dáadáa, àmọ́ èyí tí mo ní fún ọkùnrin yẹn ti tán porogodo.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó fún yín, torí mo mọ̀ pé ẹ máa ń sọ fún èèyàn pé mò ń gbálẹ̀ ní ilé oògùn. Iyàrá kan wà tí a ti ń rọ oògùn sínú ìgò. Eruku kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, àní eruku tí ojú kò lè rí, torí pé kòkòrò àìrí máa ń gun eruku bí èèyàn ṣe ń gun ọ̀kadà. Ara èèyàn gan-an ló sì ń da eruku jù: irun wa, awọ wa, aṣọ wa, itọ́ ẹnu wa. Kí n tó wọlé, mo ti fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, mo ti wọ ẹ̀wù funfun tó bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. N kì í kun pàńkéèkì, n kì í fín lọ́fínńdà. Ẹ rántí ìgbà tí mo wálé tí ẹ ní ojú mi gbẹ bí ojú ẹni tó ń gbààwẹ̀? Iṣẹ́ ló fà á. Nínú iyàrá yẹn a kì í sáré, a kì í pariwo, a kì í ju apá. Ní Èkó tí gbogbo èèyàn ti ń sáré kiri, èmi ni mò ń rìn bí ìyàwó tuntun. Ẹ̀rọ ń ti afẹ́fẹ́ láti inú síta kí eruku àdúgbò má ráyè wọlé, ìdí nìyẹn tí a kì í fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà lára ògiri tó ń ka eruku. Èmi ni mò ń kọ iye tó bá kà sínú ìwé ní wákàtí wákàtí.

Ọdọọdún ni ọ̀gá máa ń ṣe ìdúpẹ́ iléeṣẹ́, inú ọgbà ni wọ́n sì máa ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó bá a jà lórí ìyẹn. Lọ́dún yìí, ọyẹ́ le, ìta pọ́n fún eruku. Ọ̀gá wá ní kí aṣọ àwọn àlejò òun má baà dọ̀tí, inú iyàrá tí a ti ń rọ oògùn ni ìdúpẹ́ ti máa wáyé. Ẹ gbọ́ o! Kí aṣọ àlejò má dọ̀tí! Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, kì í ṣe ibẹ̀. Ó ní ṣé èmi ni màá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ ni. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kúkú bọ́ bàtà, kí wọ́n wọ ìbòrí. Ó ní àwọn àgbàlagbà ò ní torí ọmọ tí wọ́n lè bí lọ́mọ máa ṣí fìlà.

Bí wọ́n ṣe wọlé nìyẹn, ti léèsì ti gèlè, ti bàtà tí wọ́n fi tẹ gbogbo òpópónà. Ìyàwó ọ̀gá ní ooru mú òun. Wọ́n fi àga gbé ilẹ̀kùn ró, wọ́n wọ́ fáànù wọlé. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jó yí ẹ̀rọ ìrọ-oògùn ká, wọ́n ń ju áńkáṣíìfù funfun lókè orí. Ẹ̀rọ tó ń ka eruku bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọ̀gá ní kí wọ́n pa nǹkan aláriwo yẹn fún òun, wọ́n sì pa á. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, ó yọ lọ́fínńdà lápò, ó fín in káàkiri, ó ní ibẹ̀ ti mọ́ tónítóní báyìí. Òórùn dídùn ni aláìmọ̀kan yẹn ń pè ní ìmọ́tótó! Ọkùnrin tó ní iléeṣẹ́ oògùn, tó ń yan kiri bí ẹni pé òun ló dá ojú.

Mo ní ká ti iyàrá náà, ká fọ̀ ọ́ látòkè délẹ̀, ká dúró dìgbà tí ẹ̀rọ bá sọ pé ó ti tó. Ó ní ọkọ̀ ń dúró de ọjà. Àǹtí Bísí, tó ń darí ẹ̀rọ ìrọ-oògùn, wo ilẹ̀, wọ́n sì tan ẹ̀rọ náà. N ò bá wọn wí. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ń dá tọ́ ní Ìpọ̀nrí. Èmi tan ẹ̀rọ tó ń ka eruku padà, mo kọ ohun tó kà sínú ìwé. Ọ̀gá fa ojú ewé náà ya, ó ní kí n kọ iye ti àná síbẹ̀. Ó ní eruku tí ojú ò rí, kí ló fẹ́ fi ojú ṣe? Ẹni tó ń ta oògùn ojú ló sọ bẹ́ẹ̀ o, Màmá!

Mo wá bi í, níwájú àwọn àlejò tí wọ́n ṣì ń jẹ ìrẹsì, pé ṣé ó lè kán an sójú ìyá tó bí i. Ìyẹn ni ìwọ́sí tó ń pariwo rẹ̀ kiri. Ibẹ̀ náà ló ti ní kí n máa lọ. Ìgò tí wọ́n rọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni wọ́n lẹ bébà pupa mọ́, pé ẹ̀bùn àkọ́so ni fún àwọn ìyá. Ìdáhùn rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ yín ní Ìlá. Kò fún ìyá tiẹ̀, tèmi ló fún.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ ká ṣí ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ gba èyí sójú torí pé ẹni tó fi í ránṣẹ́ fún yín lówó ọkọ̀, ó sì mọ orin kọ. Inú ń bí mi sí yín díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ẹ bínú sí mi tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Mo ti mú ojú ewé tó fà ya, tí mo ṣà nílẹ̀, lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí oògùn. Wọ́n gbà á, wọ́n ní àwọn á yọjú sí iléeṣẹ́ náà. N ò mọ ìgbà tí wọ́n máa lọ, ojú yín ò sì lè dúró dè wọ́n. Ẹ má dá oògùn dúró o! Ṣadé máa ra irú èyí tí dókítà kọ fún yín gan-an, owó rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gba àwọn ìgò yòókù lọ́wọ́ àwọn ìyá, kí Ṣadé kó wọn pa mọ́ fún àwọn ìjọba. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má tìtorí pé ẹ̀bùn ni, ẹ dá a padà. Ẹni tó bá ti kán an, tí ojú rẹ̀ pọ́n tàbí tó ń dùn ún, kó tètè lọ rí dókítà.

Ní tèmi, mò ń rí owó oúnjẹ. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì nílé wọn ní Èbúté Mẹ́ta. Yàrá mi ní Yábàá dákẹ́ jù lọ́jọ́ Sunday, ìgbà yẹn ni mo máa ń gbé fóònù tí mo máa ń pè yín, tí ẹ kì í gbé e. Eruku wọ ibi gbogbo níbí, ó wà lórí ìrọ̀rí mi. Mo máa ń fọwọ́ kàn án, mo sì máa ń rò ó pé kí ni mo fi ń sá fún un.

Ẹ ní kí n kúnlẹ̀. Màá kúnlẹ̀. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, màá wálé nígbà Àjíǹde, ẹ̀yin ni màá sì kúnlẹ̀ fún, nínú pálọ̀ yín, fún gbogbo bí ohùn mi ṣe le. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí ojú ọ̀tún yẹn ṣì wà, kí ẹ lè rí i pé èmi ni mo kúnlẹ̀.

Ẹ ò ní ṣìnà, ẹ ò ní táràrà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fojú yín rí èrè wa. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí àwọn ará ilé àti gbogbo Ẹgbẹ́ Ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni ọmọ yín tí kò gbéraga,
Adérónkẹ́.