Má Tìtorí Màmá Sáré Wálé

Sàkírù, àbúrò mi,

Bàbá ń kí ọ, àwọn ọmọ mi náà ń kí ọ. Ìjì òjò ṣí páànù ilé ìdáná wa ní Doka níbí, ṣùgbọ́n a ti tún un ṣe. Káàdì tí o fi ránṣẹ́ láti ìlú orí omi ní Ítálì ti dé. Bàbá kọ́kọ́ bínú sí ìrìn kiri rẹ: "Ìwé la ní kó lọ kà, ó wá ń sùn ní ibùdókọ̀ rélùwéè!" Síbẹ̀, ó ti fi káàdì náà han gbogbo ará mọ́ṣáláṣí.

Sàkírù, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màmá lóṣù tó kọjá. Ara rẹ̀ ti ń yá, ó ti ń dá rìn dé ẹnu géètì. Òun ló ní ká má sọ fún ọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó rin ìrìn àjò rẹ̀, wallahi. Èmi ò kọjá Zaria rí." Ọkàn mi ò gbà kí n fi pamọ́ fún ọ.

Má sáré wálé o. Máa jẹun dáadáa, kí o sì máa kọ̀wé sí Màmá. Láàárọ̀ yìí ni Màmá bi mí pé níbo làwọn ọmọdé ìlú orí omi yẹn ti ń sáré ṣeré. Mi ò mọ̀. Jọ̀ọ́, dá a lóhùn.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Hàjàrá