Torborg Kolstad, Ẹni Tó Ń Ka Àwọn Ará Hallvik

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta ọdún 1936, ní abúlé Hallvik ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Saskatchewan, ní ilẹ̀ Canada, ni a bí ìyá wa, Màmá Torborg Kolstad. Ọ̀gbẹ́ni Anders Nygaard, tó ti ilẹ̀ Norway wá dáko àlìkámà, ni bàbá wọn. Gudrun ni ìyá wọn. Ènìyàn 312 ló wà ní Hallvik lọ́jọ́ náà. A ò lè gbàgbé iye yẹn, nítorí a gbọ́ ọ ju àdúrà orí oúnjẹ lọ.

Màmá kàwé dé ìwé kẹwàá ní ilé ẹ̀kọ́ Hallvik, èyí tí wọ́n tì pa ní ọdún 1968. Ní 1957 wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Einar Kolstad, òṣìṣẹ́ àká ọkà gíga tó wà lẹ́bàá ojú irin, wọ́n sì bí àwa mẹ́ta: Karin, Leif àti Solveig. Bàbá kú ní 1994. Ní 1997 ọkọ̀ ojú irin kò wá mọ́, wọ́n sì wó àká náà lọ́dún kejì. Ènìyàn mẹ́rìnlélógójì ló kù nígbà náà.

Ní ti ìgbàgbọ́, ìjọ Luther ni Màmá ń lọ, wọ́n sì tẹ dùrù níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Nígbà tó di pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni pásítọ̀ ń wá, Màmá ṣì ń tẹ dùrù lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, ì báà jẹ́ èèyàn mẹ́ta ló jókòó.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ìlú. Ní 2005 ni àṣẹ dé pé abúlé tí ènìyàn rẹ̀ kò bá pé ogún kò ní í ní orúkọ àti ìgbìmọ̀ tirẹ̀ mọ́, ìgbà yẹn sì ni wàhálà wa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Solveig, àbíkẹ́yìn wọn, lóyún ní Calgary, ohun àkọ́kọ́ tí Màmá bi í ni ibi tó máa bímọ sí. Ní 2016 wọ́n ṣubú, egungun ìbàdí wọn dá, wọ́n sì wà ní ilé ìwòsàn ní Saskatoon nígbà tí ọjọ́ ìkànìyàn ń bọ̀. A ṣàlàyé títí ẹnu wa fi gbẹ pé ilé ènìyàn ni àwọn akànìyàn ń wò, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì tó sùn lé.

Màmá ní, "Leif, ṣé ìwọ ló ń ka èèyàn ni? Gbé mi lọ sílé jàre."

Leif gbé wọn lọ. Ó ń ráhùn, Màmá ń kérora ní gbogbo kòtò ọ̀nà. Ogún géérégé ni wọ́n kà.

Ní oṣù Kẹwàá ọdọọdún, gbogbo Hallvik máa ń jẹ àsè tòlótòló ní gbọ̀ngàn ìlú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún yìí, 2023, ẹnu Ọ̀gbẹ́ni Walter Prokop, aládùúgbò Màmá, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, la ti gbọ́ ọ. Màmá rí i pé Walter kò fọwọ́ kan ànàmọ́, ẹni tó ti ń bù ú lẹ́ẹ̀mẹta láti ọgọ́ta ọdún.

"Walter, kí ló dé? Ṣé kò jinná ni?"

"Ó jinná, Ìyá Karin. Dókítà ló ní kí n má jẹ ẹ́ mọ́."

"Dókítà wo?"

Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn. Kíndìnrín Walter ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń dá wa ọkọ̀ lọ sí Saskatoon kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì ní àlọ nìkan, nínú yìnyín. Bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ní yàrá tó ṣófo nítòsí ilé ìwòsàn náà.

"Kí ló wá dé tí o ò kó lọ?"

"Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Tí mo bá lọ, a di mọ́kàndínlógún. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mo pa Hallvik. Mi ò sì mọ ojú tí mo fẹ́ fi wò yín."

"Àgbàyà ni ọ́, Walter! Ojú mi yìí lo torí ẹ̀ fẹ́ kú sójú títì?"

Màmá dìde, wọ́n fi ṣíbí lu ife, wọ́n sì dá a lábàá pé kí Hallvik kọ̀wé sí ìjọba pé òun ti tú ká. Wọ́n ní kí wọ́n kọ orúkọ Torborg Kolstad sí i gàdàgbà, kí ẹnikẹ́ni má baà di ẹ̀bi rẹ̀ ru Walter. Nídìí àwo oúnjẹ ni gbogbo ìlú ti nawọ́ sókè pé àwọn gbà. Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá bá Walter di àwo rẹ̀ sínú páálí.

Ọdún méjìdínlógún ni a fi bẹ Màmá kí wọ́n jẹ́ kí ìlú yìí sinmi, wọn kò gbọ́. Walter kò jẹ ànàmọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n gbà. Wọn kò tilẹ̀ tẹ̀ wá láago. Ìgbà tí àyà wọn ń dùn wọ́n, tí Walter wá kí wọn ní ilé ìwòsàn, la tó mọ̀. Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún ni Hallvik yóò parí.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ sáyé: Karin ní Regina, Leif ní Saskatoon, Solveig ní Calgary, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni a ó tẹ́ wọn sí.

Màmá, ọdọọdún ni ẹ ń pè wá sí àsè yẹn, ọdọọdún ni a ń sọ pé iṣẹ́ ò jẹ́. Èyí tó jẹ́ ìkẹyìn, ẹ ò pè wá. À bá wá. Inú ṣì ń bí wa sí yín, inú sì ń bí wa sí ara wa. Ẹ sùn re o.