Ẹ̀rọ Olórí Mẹ́rin Tí O Fi Ránṣẹ́

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Ṣé ẹ ń sùn dáadáa, ṣé àtẹ̀gùn ilé gíga tí ẹ̀ ń gùn yẹn kò tíì jẹ orúnkún yín tán? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà lókè àtẹ̀gùn náà ló ń ṣọ́ àwa tí a wà nílẹ̀, kò ní fọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ẹnì kankan nínú wa. Àwa náà wà dáadáa, àfi ti apá ọkọ mi, tí màá sọ tó bá yá. Wò ó, ojú ṣì ń tì mí láti kọ “ọkọ mi” sí ọ, irun funfun wà lórí mi, gbogbo àdúgbò sì ń pè mí ní ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ báyìí, bírò kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì tí èèyàn lè fi ọwọ́ nù.

Dẹ́rẹ́bà tó o fi páálí náà rán dé lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí mo ṣí i, nǹkan dúdú kan tó ní ìdí bíi ti ìbọn ni mo rí, mo sì yára pa á dé. Ọkọ mi ní kò lè jẹ́ ìbọn, pé ìbọn kì í ní okùn iná. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ń dún vùùù, ni inú bàbá bá dùn, ó ní kílípà ni, ó wá eyín rẹ̀ títí kò rí i. O mọ̀ pé onígbàjámọ̀ ni, gbogbo ohun tó bá ti ń kùn, irun ló máa ń rò pé ó ń wá.

Ìwé kékeré kan wà nínú páálí náà. Wọ́n ya ọkùnrin kan síbẹ̀ tí kò ní irun, tí kò sì wọ aṣọ, àmì pupa kún gbogbo ara rẹ̀. Mo rò pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ni, mo ní bóyá ó ti ná gbogbo owó rẹ̀ lé e lórí tí kò fi ku ti aṣọ, mo sì bá a gbàdúrà. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fara balẹ̀ wò ó, mo rí i pé ibi tí àmì pupa wà ni kí á gbé e sí kó máa gbọn ìrora dànù, pé ọ̀fun àti egungun ni wọ́n fa igi lé, kó má kan ibẹ̀.

Mo wá dán an wò ní ìbàdí mi tó máa ń ro mí. Ọmọ mi, ó gbọ̀n mí dé eyín! Bí mo ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni aránṣọ ilé kejì kí mi lẹ́nu ọ̀nà, ni mo bá dáhùn pé mo wà, ohùn mi sì ń gbọ̀n rìrìrì bí ẹni tó ń sunkún. Aránṣọ ju téèpù rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé, ó dì mọ́ mi, ó ní ìyàwó tuntun, kí ni bàbá yẹn ṣe sí ọ, òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́. Àlùmọ́gàjí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń múra àtilọ bá bàbá ní ṣọ́ọ̀bù, kí n tó gbé ẹ̀rọ náà kúrò lára tí ohùn mi sì padà bọ̀ sípò. Ó ní kí n jẹ́ kí òun náà tọ́ ọ wò. Láti ọjọ́ yẹn, obìnrin tí kì í kí èèyàn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń kí mi.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni bó ṣe ń mọ ibi tó ń dùn mí. Tí mo bá gbé e sí ibi tó le, ohùn rẹ̀ á wúwo bí ẹni tó ń ronú, tó bá yá á tún fúyẹ́. Ta ló kọ́ ọ? Ṣé ẹ̀yìn ti ro ẹni tó ṣe é rí ni? Àti pé níbo ni ìrora náà ń gbà lọ? Ẹ̀rọ náà máa ń gbóná tó bá ṣiṣẹ́ tán, mo sì gbà pé inú ara rẹ̀ ló ń kó o sí, nítorí náà ojú fèrèsé ni mo máa ń gbé e sí kí afẹ́fẹ́ gbá a dànù, kí ìrora aránṣọ má baà kó wọ̀ mí lára. Bi wọ́n léèrè fún mi níbi tó o ti rà á.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò nìyí. Orí mẹ́rin ló wà fún ẹ̀rọ náà, oníkálukú sùn sínú ihò tirẹ̀ nínú páálí. Mo kà wọ́n, mo tún wọn kà. Mo mọ̀ ọ́, ìwọ lo máa ń pín bisikíìtì nílé nígbà tó o wà ní kékeré, iye ẹnu tó bá wà ni iye bisikíìtì, kì í ṣẹ́ kù, kì í dín. Mo ní kò lè jẹ́ pé o kàn ra mẹ́rin láìní ìdí. Mo mú èyí tó ya ẹnu méjì fún ara mi. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ jẹ́ ti ìyàwó rẹ, torí ara rẹ̀ tútù. Èyí tó rí ṣóńṣó tó sì le ni tìrẹ, ìwọ náà mọ̀dí. Ó wá ku ọ̀kan tó rí rogodo bíi bọ́ọ̀lù. Ta ló ni ín?

Aránṣọ ní bóyá ti bàbá rẹ tó ti lọ ni. Mo ní olóògbé ti sinmi, kí ló tún fẹ́ ro ó? Ó ní àbí ìyàwó rẹ ti lóyún. Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo yọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì gbé ẹrù kankan rí, kí ló fẹ́ fi í ṣe? Ìgbà náà ló yé mi. Mo ní háà, ọmọ mi ti ka ọkọ mi mọ́ ará ilé!

Eré ni mo sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí n má purọ́ fún ọ, inú bàbá kò dùn láti ọjọ́ tó o pè, tó o bi mí pé kí ló dé tí ọkùnrin yẹn fi ń jẹ́ kí n máa gbé omi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ariwo fóònù yìí, gbogbo yàrá ló ń gbọ́ ohùn rẹ. Bàbá kàn lọ síta lọ gbọn irun ara aṣọ rẹ̀, aṣọ tí kò ní irun kankan lára. Àbí o rò pé èmi ni mò ń gbé omi? Òun ló ń gbé e, apá òsì ló fi ń gbé e, torí apá ọ̀tún kò kọjá èjìká mọ́. Ó ti gé ẹsẹ̀ àga oníbàárà kúrú kó má baà máa nàgà, àgbọ̀n àwọn èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún wọn. Lánàá, ó gé ìdajì irun aránbàtà, apá kọ̀, aránbàtà dé fìlà lọ sílé, ìrọ̀lẹ́ ló padà wá gba ìdajì tó kù.

Mo wá gbé orí rogodo náà lé e lọ́wọ́, mo ní tirẹ̀ ni. Ó bi mí pé ṣé ẹnu ọmọ ni mo ti gbọ́ ọ. Mo ní rárá, kíkà ni mo kà á. Ó ní ohun tí a kà yàtọ̀ sí ohun tí a sọ, òun kò ní fi kan ara òun àfi kí olóhun nà án sí òun. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì tó fi ń nu ọrùn oníbàárà nù ún, ó gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kóòmù rẹ̀. Tí wọ́n bá bi í pé kí nìyẹn, á ní ẹni tó ni ín ń bọ̀.

Ọmọ mi, owó tó o máa ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, màá tọrọ rẹ̀, ojú kò tì mí ní tìyẹn. Ṣùgbọ́n ti oṣù yìí, má fi sínú fóònù, fi í wọ ọkọ̀ wá. Orí tìrẹ ṣì wà nínú ihò rẹ̀, aránṣọ bẹ̀ mí títí, n kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Tó o bá dé, má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì kò mọ̀ ọ́n sọ. Kí o kàn mú èyí tó wà lórí pẹpẹ, kí o fi sẹ́nu ẹ̀rọ, kí o ní bàbá, ẹ gba tiyín.

Bí kì í bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ lo ṣe pín in, jọ̀ọ́, má sọ ọ́ lórí fóònù yìí. Tún un pín.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tó o ń nà sí wa ká kò. Ẹ̀yìn kò ní ro ọ́, èjìká kò ní wọ́ ọ. Àga tó o bá sì jókòó lé, ẹnikẹ́ni kò ní gé ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọ nídìí.

Èmi ni ìyá rẹ,
ìyàwó onígbàjámọ̀.